Àlejò Tí Tíṣà Kò Sìn

Ní Ìrókò, gbogbo ènìyàn ló mọ Tíṣà Ọládòṣù mọ́ àlejò sísìn. Bí o bá kí i nílé tí o sì ní o fẹ́ máa lọ, yóò ti na ọwọ́ mú ọ̀pá, yóò ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, yóò sì máa bá ọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé etí títì. Òjò ìbáà ṣú, kò kàn án. Bí ọ̀kadà kò bá tètè kọjá, yóò dúró tì ọ́. Àwọn tó máa ń kánjú a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ènìyàn bá fẹ́ kí Tíṣà, kó ti fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìsìnlọ. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá náà fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi, ohun tó sì ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ni pé gbígba àlejò wọlé kò ṣòro, bí a ṣe sìn ín jáde ni yóò máa rántí.

Ọ̀rọ̀ ìsìnlọ yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Títíladé ni orúkọ àbíkẹ́yìn náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Akínyẹlé. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́, ó wá ku òun àti bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ìyá tó bí bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà.

Inú ẹrẹ̀ ló ti pàdé Dáníló. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wo oko ìrẹsì ní àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn Ìrókò, ọ̀kan nínú bàtà rẹ̀ sì há sínú ẹrẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ti wà nínú omi dé orúnkún wá, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó yọ bàtà náà, ó fi omi ṣàn án, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni ó wí.

Ó ya Títíladé lẹ́nu. "Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá?"

"Ìyá onílé mi ni. Ó ní bí mi ò bá fi Yorùbá kí òun láàárọ̀, mi ò ní í pọn omi nínú kànga òun."

Orílẹ̀-èdè Filipíìnì ni Dáníló ti wá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbin ìrẹsì ló mú òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wá, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní ìlú wọn han àwọn àgbẹ̀. Kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, gbogbo ara ló fi ń gbọ́ ọ. Ohun tó mú Títíladé nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó ti ń yọjú sí i tẹ́lẹ̀, ẹnu ni wọ́n ní, wọn ò létí.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ọ̀nà àkùrọ̀ ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́. Yóò jókòó sí ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà létí oko, Dáníló yóò wá bá a níbẹ̀ tó bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀.

Ọjọ́ kan wà tí labalábá dúdú ńlá kan wá bà lé eteetí fìlà Dáníló. Dáníló fi ọwọ́ ṣe àmì fún Títíladé pé kó má mira.

"Bàbá mi àgbà ni," ó rọra sọ. "Lọ́dọ̀ tiwa, bí òkú bá fẹ́ wá wo ẹni tirẹ̀, ó lè gba ara labalábá dúdú wá."

Títíladé bú sẹ́rìn-ín. "Labalábá ni, jàre! Òógùn rẹ ló ń wá lá. Iyọ̀ ló ń wá."

Dáníló náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un mọ́, Títíladé kò sì fura.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Tíṣà, ó gbé ìwé ìròyìn tó ń kà sílẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ń pè ní Filipíìnì?"

"Erékùṣù ni, Bàbá. Òkun ló yí i ká. Wọ́n ń gbin ìrẹsì, wọ́n ń gbin àgbọn. Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn."

"Mi ò bi ọ́ nípa àgbọn. Mo ní bí ọkùnrin náà bá fi ìyà jẹ ọ́ lọ́hùn-ún, ta ni mo máa rán? Ta ló mọ baba rẹ̀? Ta la máa lọ bi léèrè pé irú ilé wo ni wọ́n?"

Títíladé náà ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò Tíṣà, Bọ̀dá Múyì, tó ń gbé ní Ìjàyè, ni Títíladé lọ bẹ̀. Bọ̀dá Múyì wá ní ọjọ́ Sátidé, ó jẹ iyán tán kó tó la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Mo ti lọ wo ọmọkùnrin náà lóko. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ o! Ṣé àwọn tiwa tó ń na ìka kan kí àgbà ló dáa jù?"

Ìyá Àgbà náà dá sí i láti orí ẹní. "Onírẹsì yẹn wù mí. Ó fún mi ní ìrẹsì tó ń ta sánsán."

Ẹnu ìyá àti àbúrò pọ̀ jù fún Tíṣà. Ó ní kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé kejì oṣù Kẹta. Bọ̀dá Múyì ni yóò dúró bí ẹbí fún Dáníló. Títíladé kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ni kò jẹ́.

Nínú oṣù Kejì ni ìyá Dáníló kú.

Kò lè lọ sílé. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà ní Àbújá níbi tí wọ́n ti ń bá a tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò jáde. Ó wá gbé àwòrán ìyá rẹ̀ sórí tábìlì nínú pálọ̀ tó háyà ní Akínyẹlé, ó tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, ó sì ní òun yóò bá wọn ṣọ́ òkú náà láti ibi tí òun wà.

Ọjọ́ kẹta, Tíṣà wọ agbádá, ó ní kí Títíladé ká lọ. "Àna ni wọ́n fẹ́ bá mi ṣe. Mo gbọ́dọ̀ kí wọn."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n débẹ̀. Ohun tí Tíṣà bá nílé náà kò dùn mọ́ ọn nínú. Ilẹ̀ kún fún èèpo ẹ̀pà àti èérún bísíkíìtì, ó hàn pé ìgbálẹ̀ kò kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwo ìrẹsì àti ẹja kan wà níwájú àwòrán olóògbé, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Fóònù dúró lórí àpótí kan, pósí funfun ń hàn nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn jókòó yí i ká ní òdìkejì ayé, níbi tí ọ̀gànjọ́ ti kàn. Ní ẹ̀gbẹ́ fóònù náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ Dáníló méjèèjì ń ta káàdì bí ẹni ń ta ayò.

Dáníló dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni Tíṣà wí. "Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí àwọn tó kù sí. Kò ní í ṣe yín ní méjì." Ó gbàdúrà, àdúrà tó gùn tó sì nípọn. Ó jẹ bísíkíìtì kan nítorí ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde. "Ó dáa. À ń lọ, ọmọ mi."

Dáníló kò dìde. Ó jókòó, ó tẹ orí ba, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ orúnkún. Kò ní ẹ ṣeun. Kò ní ó dàbọ̀.

Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún dúró. Ó ń tún agbádá ṣe léjìká, agbádá tí kò yẹ̀. Títíladé rí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de ẹni tí kò bọ̀, ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Dìde, kí o sìn wọ́n," ó sọ sí Dáníló létí.

"Mi ò lè sìn wọ́n, Títí. Mi ò sì lè dúpẹ́. Àṣà wa ni." Ó gbé ojú sókè, omi wà nínú rẹ̀. "Jọ̀wọ́, ẹ má gba ilé lọ tààrà. Ẹ kọ́kọ́ yà síbì kan. Kí ẹ ra nǹkan, kí ẹ jókòó díẹ̀."

"Bàbá mi ń dúró síta bí oníbárà, o ní kí n lọ ra nǹkan?"

Ó jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tíṣà ti rìn lọ sí títì ní òun nìkan. Wọ́n gun ọ̀kadà kan náà délé.

"Mo ti sin ọkùnrin tó bá mi ṣẹjọ́ ilẹ̀ rí," ni ó wí nígbà tó bọ́ agbádá tán. "Ilé ẹjọ́ la ti ń bọ̀, ó yà kí mi, mo sì sìn ín dé títì. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi kò dìde fún mi."

"Ó ní àṣà wọn ni, Bàbá."

"Àṣà wo ló ní kí ènìyàn ya aláìmoore? Àṣà wo ló ní kí wọ́n máa ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá ẹni?"

Títíladé kò bi Dáníló ní ìdí àṣà náà. Ó tilẹ̀ ń bínú sí i ju bí bàbá rẹ̀ ṣe ń bínú lọ, nítorí òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín fún gbogbo ẹbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tún bàjẹ́ sí i. Dáníló ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Múyì pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ inú oṣù Kẹta kò ní í ṣeé ṣe mọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kú kì í ṣe ìgbéyàwó títí ọdún kan yóò fi yí po. Tíṣà gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti ń wá ọ̀nà àtisá. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀, àgbàdo yọ, wọ́n jẹ ẹ́ tán, iṣu tuntun sì wọ ọjà. Nínú gbogbo rẹ̀, Títíladé ń kọjá níwájú ilé Dáníló ní Akínyẹlé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kì í sì í wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó rí i lẹ́ẹ̀kan ní ibùdókọ̀. Dáníló fi abẹ́rẹ́ há ègé aṣọ dúdú kékeré kan, àmì ọ̀fọ̀, mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó kí i, Títíladé dáhùn, ọkọ̀ sì gbéra. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Dáníló a máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀: Mo ń dúró. Títíladé a máa kà á, kò ní í fèsì, kò sì ní í pa á rẹ́. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, kí á má purọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń bi ara rẹ̀ pé, ta ni mo tilẹ̀ fẹ́ fẹ́? Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá mi ní Akínyẹlé, kí ni yóò ṣe sí mi ní òkè òkun?

Ìyá Àgbà nìkan ni kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á bèèrè pé, "Onírẹsì dà?" Tíṣà á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nínú oṣù Kẹjọ, ìyá onílé Dáníló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé ẹ̀kọ́ níbi tí Títíladé ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àkókò ìsinmi, àpò èlùbọ́ kan wà níwájú rẹ̀. Ìyá Fàdìlàt ni wọ́n ń pè é, èlùbọ́ ló ń tà, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ìwọ ni mo wá rí," ó wí fún Títíladé. "Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ti ń dùn mí láti oṣù mélòó kan. Mo ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ yẹn ti gbẹ bí iṣu inú ọgbẹlẹ̀. Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kò sin bàbá mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà tí ọkọ mi kú, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jókòó sílé ṣe tákàbá. Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń lọ, mi ò fẹsẹ̀ kan ìta. Ta ló bínú sí mi pé mi ò sìn wọ́n? Wọ́n ní ẹ̀sìn wa ni. Ó wá di ti ẹlòmíì, ó di ìwà àìmoore?"

Títíladé bá a gbé àpò èlùbọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo bá a jà èmi náà," ni Ìyá Fàdìlàt ń bá a lọ. "Ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ̀ kú, mo gbé ìgbálẹ̀ wọlé. Mo ní ṣé ilé mi ló fẹ́ sọ di ààtàn ni? Ó di ìgbálẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí òkú kò bá tíì wọ ilẹ̀, wọn kì í gbálẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a, àwọn tó kù nílé ni wọ́n ń gbá tẹ̀lé òkú. Àti káàdì tí wọ́n ń ta yẹn, kí oorun má baà gbé wọn lọ ni, wọn kì í fi òkú sílẹ̀ ní òun nìkan. Mo wá bi í, mo ní, kí ló dé tí o kò sin bàbá tíṣà? Ṣé o mọ ohun tó sọ?"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹni tí òkú wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sin àlejò jáde. Bó bá sìn ín, ikú á rí ọ̀nà tẹ̀lé àlejò náà dé ilé rẹ̀. Wọn kì í dúpẹ́ pẹ̀lú, nítorí a kì í dúpẹ́ ikú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò kò gbọdọ̀ gba ilé lọ tààrà, ó gbọ́dọ̀ yà síbì kan kí òkú má baà mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn, pàgipagì ni àbí kí ni. Ọmọ yìí rí i tí bàbá rẹ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà o! Ó rí i! Ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé kí òun fò dìde. Ó fi ọwọ́ di orúnkún ara rẹ̀ mú."

Títíladé rántí ọwọ́ náà.

"Kí ló dé tí kò ṣàlàyé fún mi?"

"Mo bi í. Ó ní tíṣà bàọ́lọ́jì ni ọ́. Ó ní o ti fi òun rẹ́rìn-ín rí nítorí ọ̀rọ̀ labalábá kan, kò tún wù òun kí o fi ti ìyá òun rẹ́rìn-ín."

Iṣẹ́ kù fún Títíladé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Ó gba àkùrọ̀ lọ. Dáníló rí i látòkèèrè, ó dúró sínú omi, kò mọ̀ bóyá kó wá tàbí kó má wá. Títíladé bọ́ bàtà méjèèjì, ó sì wọ ẹrẹ̀ lọ bá a.

"Mo fi bàbá rẹ àgbà rẹ́rìn-ín," ó wí.

"Ó dùn mí díẹ̀."

"Ṣé o gbà á gbọ́ lóòótọ́? Pé ikú lè tẹ̀lé bàbá mi dé ilé?"

Dáníló ronú. "Mi ò mọ̀, Títí. Ìyá mi gbà á gbọ́. Nígbà tí bàbá rẹ dìde, mo rò ó. Mo ní bó bá jẹ́ irọ́, ojú lásán ni yóò tì mí. Bó bá jẹ́ òótọ́, bàbá rẹ ni yóò jìyà rẹ̀."

Títíladé sunkún níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ oko sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Dáníló sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ti bi òun bóyá òun yóò fi ọdún méjì kún iṣẹ́ òun tàbí òun yóò padà sílé. Ìparí ọdún ni òun gbọ́dọ̀ fèsì.

"Mi ò ní í mú ọ sá fún bàbá rẹ," ó wí. "Bí wọn ò bá fẹ́ mi, màá lọ."

Títíladé mọ̀ pé òun náà kò lè fẹ́ ọkùnrin tí bàbá òun kọ̀. Àwọn tó kù fún Tíṣà nílé kò pọ̀ mọ́. Ó padà lọ bá Ìyá Fàdìlàt, ó kúnlẹ̀ fún un nínú ìsọ̀ èlùbọ́, ó ní, "Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi."

Ìyá Fàdìlàt wá. Títíladé wà nínú kíṣìnnì, ó pa iná, kí ariwo epo má baà dí i létí. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ro gbogbo rẹ̀ láti orí ìgbálẹ̀ dé orí káàdì.

"Ìyá Fàdìlàt," ni Tíṣà wí nígbà tó parí, "nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, mo ka àwọn tó wá kí mi ní ọjọ́ kìíní, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wọn ni mo sìn. Títí di ogójì ọjọ́ ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀ lójú títì. Ẹsẹ̀ mi wú bí igbá. Mi ò ráyè jókòó kí n sunkún ìyàwó mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo lè jókòó."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Ẹ̀yin kọ́. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

"Kí ni kí n wí fún ọmọ yẹn, sà?"

"Ẹ ní mo gbọ́."

Ó sì sin Ìyá Fàdìlàt dé títì. Nígbà tó padà, Títíladé ń wo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án kọjá, Kẹwàá kọjá, Tíṣà kò tún sọ gbólóhùn kan. Mo gbọ́ kì í ṣe mo gbà, gbogbo Yorùbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, Ìyá Àgbà sùn, kò jí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló lò láyé. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún Títíladé ní àná rẹ̀ ni pé kó bá òun yọ èékánná, àti pé, "Onírẹsì dà?"

Òkú àgbà ni, kò sẹ́ni tó pè é ní òkú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá í jẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn ń rọ́ wá láti Ìjàyè, láti Akínyẹlé, láti ìjọ àti láti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, Tíṣà sì ń sìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan dé títì. Bọ̀dá Múyì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa bá a sìn wọ́n, kò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò lè wọ sálúbàtà mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ.

Ọjọ́ kẹta náà ni Dáníló wọlé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan lórí. Aṣọ dúdú kékeré náà ṣì wà láyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ìbòòrùn yí ojú sí wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kì í pamọ́ ní Ìrókò. Títíladé di abọ́ omi ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Bí bàbá rẹ̀ bá lé e, ó ti parí nìyẹn.

Dáníló dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà."

"Dìde, jókòó," ni Tíṣà wí. Ó wò ó títí. "Ó bèèrè rẹ. Ìyá mi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń bèèrè rẹ."

Dáníló ki orí bọlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Tíṣà jẹ́ kó sunkún, kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ Dáníló.

"Ẹ ò mú káàdì yín wá?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Múyì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù tẹ̀lé e. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n jẹun. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Dáníló dìde, tó ní àwọn yóò máa lọ.

Tíṣà na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ń gba àlejò. Ó ti gbé ìdí kúrò lórí àga. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, kò jókòó tán, kò dìde tán. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ó rọra padà jókòó, ó gbé ọ̀pá náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú náà síwájú.

"Máa lọ," ó wí fún Dáníló. "Ẹ má gba ilé lọ tààrà. Àkàrà ń bẹ ní ìkóríta, ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ jókòó díẹ̀. Tí ọdún ìyá rẹ bá pé nínú oṣù Kejì, kí Múyì mú ọ wá."

Dáníló wò ó. Ọpẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí ìdúpẹ́ níbẹ̀. Ó tẹríba, ó yí padà, ó sì ń lọ. Títíladé ti gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e.

"Ìwọ náà, jókòó," ni bàbá rẹ̀ wí.

Títíladé jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì ń wo Dáníló títí tó fi kọjá ojú ilé. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó gbé orí sókè, ó rí i pé omi ń dà lójú Tíṣà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti kú.

Díákónì kan láti ìjọ kò lè mú un mọ́ra. Ó ti mọ Tíṣà fún ogójì ọdún, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Tíṣà, ẹ ò sin àlejò yín?"

Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ta ló sọ fún yín pé àlejò ni?"